Wákàtí mọ́kànlá ní Kigali kí báálù kejì tó gbéra: kí ni kí n fi ṣe?

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nairobi ni mo ń lọ láti Èkó, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí agbára mi ká, Kigali ló kọ́kọ́ gbà kọjá. Báálù àkọ́kọ́ máa balẹ̀ ní 6:10 àárọ̀ Sátidé, 29 oṣù kọkànlá. Èyí tó máa gbé mi dé Nairobi kò ní gbéra àfi 5:25 ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Lọ́dún tó kọjá mo jókòó wákàtí mẹ́jọ ní pápákọ̀ kan, orí báàgì ni mo sùn sí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yí gbogbo ara bí mo bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́. Mi ò ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Mo ti kọ ibi tí mo fẹ́ dé sílẹ̀: ibi ìrántí ìpakúpa àwọn ẹ̀yà Tutsi lọ́dún 1994 ní Gisozi, ọjà Kimironko, ilé Kandt, gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tí orí ẹ̀ rí róbótó yẹn, kí n jẹun, kí n ra kọfí níbì kan tó dáa. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé wọ́n á tiẹ̀ jẹ́ kí n jáde? Ẹrù mi ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Alájò

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí o jáde. Rwanda kì í gba owó físà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa lù sínú páàsípọ́ọ̀tù rẹ bó o bá dé iwájú wọn. Ṣá ti mú yẹ́lò káàdì rẹ, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn, dání. Bó o bá ti sọ̀ kalẹ̀, má tẹ̀ lé àwọn tó ń gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń dúró de báálù mìíràn o. Ìlà àwọn tó ń wọ̀lú ni kí o tò sí. Mo mọ èèyàn tó tẹ̀ lé èrò bí àgùntàn, tó fi wákàtí kan bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó padà.

Ní ti ẹrù, Èkó ni o ti máa yanjú ìyẹn. Wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ báàgì rẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán. Bó bá jẹ́ NBO ni wọ́n kọ síbẹ̀, Nairobi ni ìwọ àti báàgì máa tún pàdé. Bó bá jẹ́ KGL, ìwọ ni wàá máa wọ́ ọ káàkiri òkè Kigali, òkè ibẹ̀ kì í sì í ṣe òkè eré.

Ohun mìíràn: aago. Wákàtí kan ni Kigali fi ṣíwájú Nàìjíríà. Èmi fúnra mi, dátà mi ti tán, fóònù ò yí aago padà fúnra ẹ̀. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ń mu kọfí, mo ní mo ṣì ní wákàtí méjì. Ọmọbìnrin tó ń nu tábìlì ló béèrè ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo aago ògiri, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Mo ti bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ kí ó tó lanu.

Àdùkẹ́_Aláṣọ

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ làílọ́nù o! Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de àpò làílọ́nù níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń so ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ làílọ́nù kan, bàtà mọ́ làílọ́nù mìíràn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Àpò aláṣọ ni kí ẹ fi dì í.

Kàlẹ́ńdà_Ara_Ògiri

Ẹ dúró ná. 29 oṣù kọkànlá kọ́ ni Sátidé tó kẹ́yìn oṣù? Umuganda nìyẹn o.

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Umu kí ni?

Tíṣà_Ìtàn

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, ọmọ mi. Ṣé o rántí sanitéṣọ̀n tiwa, Sátidé ìparí oṣù, kónílé-ó-gbélé láti aago méje sí mẹ́wàá, tí Èkó ṣe títí wọ́n fi fagi lé e lọ́dún 2016? Umuganda jọ ọ́, àmọ́ tiwọn yàtọ̀ níbì kan: wọ́n ń ṣe é tinútinú ju bí a ṣe ń ṣe tiwa lọ. Láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ dá, láti ọmọ ọdún 18 dé 65, ló ń jáde ṣiṣẹ́ àdúgbò. Wọ́n á gbẹ́ gọ́tà, wọ́n á roko etí ọ̀nà, wọ́n á gbin igi, wọ́n á bá opó mọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ṣèpàdé. Ọ̀wẹ̀ ni, àbí àáró, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é pa pọ̀, òfin sì wà nídìí ẹ̀.

Ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀: ní wákàtí wọ̀nyẹn, ilé ìtajà tì, ọjà tì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò rìn, ọlọ́kadà pàápàá ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ti pápákọ̀ bọ̀ tàbí tó ń lọ síbẹ̀ tó sì ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ọlọ́pàá máa ń jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ lọ ṣe nígboro tí ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì?

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Ẹ̀yin bàbá, mo kúkú mọ̀ pé orí mi ò gba nǹkan ọ̀fẹ́. Kò tán báyìí? Jẹ́ kí n kàn lọ ra ìrọ̀rí ọrùn.

Ẹlẹ́nu_Dídùn

Kò tíì tán o, Abíọ́nà. Tí o bá balẹ̀ ní 6:10, o lè ti jáde kí aago tó lu méje. Ó ku wákàtí kan gbáko kí nǹkan tó dúró. Gba yàrá ìdajì ọjọ́ ní Remera. Àdúgbò yẹn wà láàárín pápákọ̀ àti ìgboro, kò jìnnà sí Kimironko rárá. Lọ wẹ̀, sùn díẹ̀. Ìlú á ti la ojú nígbà tí o bá jí.

Lẹ́yìn náà, wá ilé wàrà. Mi ò sọ̀rọ̀ ilé kọfí, kọfí dáa o, ṣùgbọ́n kọfí wà níbi gbogbo. Ilé wàrà ni nǹkan tí mi ò rí níbòmíràn: ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kò ta nǹkan mìíràn ju wàrà lọ, gbígbóná àti kíkan. Kíkan yẹn ni wọ́n ń pè ní ikivuguto. Ṣé o mọ nónò? Òun náà ni, ṣùgbọ́n ó ki, kò sì sí ṣúgà nínú ẹ̀. Kọ́ọ̀pù ńlá ni wọ́n fi ń gbé e wá. Bàbá àgbà á jókòó lápá ọ̀tún rẹ, ọmọ iléèwé lápá òsì, gbogbo yín ẹ máa ní irunmú funfun.

Bó o bá fẹ́ ẹran, brochette ni kí o bi wọ́n. Ẹran ewúrẹ́ ni lórí igi, ó jọ súyà, ṣùgbọ́n yájì ò sí níbẹ̀, má bínú.

Sáré_Wálé

Èmi ò fara mọ́ gbogbo ibi tí Abíọ́nà kọ sílẹ̀ yẹn o. Ibi márùn-ún lọ́jọ́ kan? Ẹni tó ń lọ sí ibi márùn-ún, inú ọkọ̀ ló máa lo ọjọ́ yẹn. Yọ ilé Kandt kúrò. Ilé ará Jámánì tó tẹ ìlú náà dó lọ́dún 1907 ni, ó dáa fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta. Gbọ̀ngàn olórí róbótó yẹn, lójú ọ̀nà ni wàá rí i bí ọkọ̀ bá ń gbé ọ lọ sígboro. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2016, òru ló máa ń dára jù nígbà tí iná bá tàn lára ẹ̀. Má sanwó ọkọ̀ torí ẹ̀.

Mú ibì kan. Tó bá pọ̀ jù, méjì.

Ẹ̀gbọ́n_Alájò

Tó bá jẹ́ ibì kan, Gisozi ni. Èèyàn ò gbọdọ̀ kọjá ní Kigali kó má dé ibẹ̀. Ó lé ní 250,000 èèyàn tí wọ́n sin síbẹ̀. Wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣí lọ́jọ́ Umuganda. Débẹ̀ ní aago kan, jáde ní méjì ààbọ̀, kọjá sí Kimironko, ra aṣọ, padà sí pápákọ̀. Ó ti parí.

Tíṣà_Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, àmọ́ mi ò gbà. Kí a ti Gisozi jáde kọjá tààrà sọ́jà lọ nájà aṣọ?

Mo lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ìtàn wà, láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn dé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 7 oṣù kẹrin 1994. Ìyẹn nìkan tó ohun tí èèyàn fi ń wá àga jókòó. Lẹ́yìn náà o á gòkè lọ sí yàrá àwọn ọmọdé. Fọ́tò ọmọ kan, ó tóbi, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ẹ̀ wọ́n kọ orúkọ ẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ohun tó fi ń ṣeré, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ jù lọ. Ìlà tó kẹ́yìn ni bí wọ́n ṣe pa á. O á kúrò níbẹ̀, ọmọ mìíràn ló kàn. Fọ́tò mẹ́ta péré ni mo kà. Mo jáde sínú ọgbà, mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká má tíì sọ pé mò ń na ọwọ́ sí aṣọ pé mélòó ni.

Má ṣe fi í sáàárín wàrà àti aṣọ. Bí kò bá sí àyè, má lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Alájò

Bàbá, mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà kejì: mélòó nínú wa ló tún máa padà sí Kigali? Bó bá jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ ni Ọlọ́run fún ọmọ náà, ṣé kó wá má fi kí òkú? Àwọn tó kọ́ ibẹ̀ lọ́dún 2004 fẹ́ kí ayé wá wò ó ni. Àjọ UNESCO tiẹ̀ ti fi í sára ogún àgbáyé lọ́dún 2023, òun àti mẹ́ta mìíràn.

Tíṣà_Ìtàn

Mo gbà pé kí ayé wá. Mo kàn ń sọ pé kí ayé má wo aago bó bá dé ibẹ̀.

Sáré_Wálé

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ báálù. Abíọ́nà, nǹkan kan ṣoṣo kí n tó sùn: bó o bá lọ, bó ò bá lọ, má bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Má bi awakọ̀ pé ẹ̀yà wo ni ọ́. A kì í bèèrè ẹ̀ níbẹ̀.

Nípa ìpadà sí pápákọ̀: kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ilé, wọ́n á dá a dúró ní géètì. Gbogbo yín á sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin àti báàgì yín á gba inú ẹ̀rọ kọjá, ajá á rùn ọkọ̀ yíká. Ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè gba ogún. Kí o kúrò nígboro ní aago mẹ́ta ó pẹ́ tán.

Bó o bá gun ọkadà, akoto ni wọ́n á gbé fún ọ. Dé e sórí, kì í ṣe ohun tí à ń fi kọ́ ọwọ́ bíi tiwa. Èrò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé. Mo rí ọmọ Nàìjíríà méjì tí wọ́n ń bẹ ọlọ́kadà pé "a ó fún ọ lówó sí i". Ọkùnrin náà wò wọ́n bí ẹni tó gbọ́ èdè tí kò tíì sí láyé.

Àdùkẹ́_Aláṣọ

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ti iṣẹ́ mi kún un. Àwọn télọ̀ wà nínú Kimironko gan-an, ẹ̀rọ wọn tò lọ bẹẹrẹ. O ra kitenge, ìyẹn àǹkárá tiwọn, ní ọ̀nà kan, o gbé e dé ọ̀nà kejì, wọ́n á wọ̀n ọ́, wọ́n á gé e lójú ẹ. Mo ti rí ẹni tó gba síkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ télọ̀ ilé wa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà télọ̀ ni o, mo sì mọ iye ìgbà tí mo ti sọ pé "iná ni ò sí".

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an. Bí mo ṣe pinnu rèé. Yàrá ní Remera, oorun, ilé wàrà, Kimironko. Gisozi ò sí níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Tíṣà wọ̀ mí lára. Mo máa jábọ̀.

*(Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà)*

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Mo ti dé o! Nairobi ni mo ti ń kọ èyí.

Báálù ò pẹ́. Ìlà àwọn tó ń wọ̀lú ò gùn, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè ọjọ́ mélòó ni mo máa lò, mo ní wákàtí mẹ́wàá, ó rẹ́rìn-ín, ó lù ú. 7:15 ni mo dé ilé àlejò ní Remera. Òtútù ò burú, ilé gbogbo wà lórí òkè, ìkùukùu ṣì wà ní àfonífojì bí ẹni da òwú sílẹ̀. Mo wẹ̀, mo sùn.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Ọmọ Mushin ni mí, ariwo ni mo fi ń sùn. Mo yọjú: ọkọ̀ kankan ò kọjá, ṣùgbọ́n èèyàn ń kọjá, ọkọ́ léjìká, àdá lọ́wọ́, àwọn mìíràn gbé ìgbálẹ̀. Màmá tó ni ilé náà ń wọ bàtà òjò lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ṣé mo lè tẹ̀ lé wọn lọ wòran. Ó wo bàtà mi. Ó wọlé, ó mú bàtà òjò kejì wá.

Ìwòran wo? Wọ́n gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ọkọ́ wọn: ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ gùn tó igi ìgbálẹ̀ òyìnbó. Ìdúró ni wọ́n fi ń roko! Àwa tí à ń tẹ̀ títí ìdí á fi ga ju orí lọ, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa? Koríko etí gọ́tà ni wọ́n yàn fún wa. Mo ṣe bí ìṣẹ́jú ogójì, ọwọ́ mi lé ròrò, ọkùnrin kan gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní "murakoze", ìyẹn "o ṣeun", ó fi ìgbálẹ̀ rọ́pò ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gàn ni, mo gbà á.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ìpàdé lábẹ́ igi. Kinyarwanda ni wọ́n ń sọ. Ọmọdébìnrin kan jókòó tì mí, ó ń túmọ̀ lẹ́sẹẹsẹ: wọ́n ń rán ara wọn létí owó ìlera ọdún tó ń bọ̀, iná òpópónà kan ti kú, ajá ẹnìkan ń gbó lóru jù. Ẹni tó ni ajá wà níbẹ̀. Ó dìde, ó dáhùn. Bíi pé ilé wa ni mo wà.

Àwọn kan nínú wọn ló fà mí lọ sílé wàrà. Ẹlẹ́nu_Dídùn, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, irunmú náà ò yọ èmi sílẹ̀. Mi ò lè mu ún tán. Bàbá tó jókòó nítòsí mi bá mi parí ẹ̀, kò tiẹ̀ bi mí.

Kimironko ti ń ṣí nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá, àwọn tó ń tú tápólì ṣì pọ̀ ju oníbàárà lọ. Mo ra kitenge, mo bá télọ̀ kan. Kò mọ bùbá. Mo gba bébà lọ́wọ́ ẹ̀, mo yà á fún un: ọrùn báyìí, apá báyìí, kó fẹ̀ báyìí. Ó yí bébà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó béèrè pé "ojú ìlà apá dà?" Mo ní kò sí. Ó tún yí i. Ó ní kí n padà wá ní aago méjì. Mo rìn káàkiri ọjà, mo jẹ ẹran igi, mo padà ní méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo kúrò níbẹ̀ ní méjì ààbọ̀. Ajá géètì yẹn ò yára rárá, ó rùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń ka ìwé. Sáré_Wálé, ẹ ṣeun. Bí mo bá ṣe bí ọkàn mi ti wí ni, ojú títì ni ǹ bá ṣì wà nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n_Alájò

Ọmọ yìí lọ fi àlejò roko. Mo ti kọjá ní Kigali lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní ọkọ́ rí.

Kàlẹ́ńdà_Ara_Ògiri

Ẹ ò dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi tí mo wo ọjọ́.

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an! Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó lẹ máa ń jí?

Tíṣà_Ìtàn

Gisozi ńkọ́, ọmọ mi?

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Mo ti yí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, bàbá. Mo fi òru kan kún un. Ọjọ́rú ni, àárọ̀ ni mo máa lọ, mi ò fi nǹkan mìíràn sí ọjọ́ yẹn. Màmá ilé àlejò ní òun á bá mi lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun débẹ̀. Mi ò bi í ní ohunkóhun.

Àdùkẹ́_Aláṣọ

Kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè nǹkan gidi. Bùbá náà dà? Ẹ gbé fọ́tò wá kí n wo apá.

Abíọ́nà_Kẹ́ta

Apá ọ̀tún fi ìka kan gùn ju tòsì lọ, ọrùn sì fún díẹ̀. Mo ti wọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.